Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Ìtẹ́mọ̀ fún Iléeṣẹ́ Amọ̀kòkò Kékeré ní Abuja

Kí ẹ tó náwó lé ẹ̀rọ ìtẹ́mọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi irin rìbìtì (róólà) tẹ́ amọ̀ di pẹlẹbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní slab roller, ẹ kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tí ó ń jáde lọ́wọ́ yín. Ladi Kwali, ìyá tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà, kò fi ẹ̀rọ tẹ́ amọ̀ kí ó tó mọ ìkòkò omi tí ó sọ ọ́ di ẹni àmúyangàn. Ńṣe ni ó ń fi ọwọ́ yí amọ̀ bí okùn, tí ó sì ń tò ó ga díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ìkòkò rìbìtì, irú ti Suleja tàbí ti àdúgbò Dàdá ní Ilorin, kò nílò ẹ̀rọ yìí. Táìlì, àwo pẹrẹsẹ, àpótí òdòdó onígun mẹ́rin àti ife tí a ká bí ẹní ni ó lè dá owó rẹ̀ padà. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, igi tí a fi ń yí ìyẹ̀fun míì-páì àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n dọ́gba, tí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ amọ̀, ti tó.

Ààrò yín ni ó yẹ kí ó sọ bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wọn pẹpẹ inú rẹ̀, nítorí pé amọ̀ tí kò lè wọ ààrò kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbàgbé pé amọ̀ máa ń sún kì: bí tiyín bá ń sún kì ní ìdá 12 nínú 100, táìlì tí ẹ fẹ́ kí ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 30 lẹ́yìn iná, 34 ni ẹ óò gé e, ẹ óò sì tún gé etí rẹ̀ tó rí págunpàgun dànù. Ẹ̀rọ oní-íǹṣì 24, ìyẹn bíi sẹ̀ntímítà 61, tó fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré. Èyí tí ó jẹ́ íǹṣì 36 máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín ná.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń pinnu bí amọ̀ yóò ṣe nípọn tó. Àwọn kan, bíi ti iléeṣẹ́ Brent, ní róólà kan, pákó pẹlẹbẹ tí ẹ bá tò sábẹ́ kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tó nípọn tí amọ̀ ń wà láàárín rẹ̀, ni yóò sì sọ bí amọ̀ yóò ṣe rí: ẹ yọ pákó kan, amọ̀ á nípọn sí i. Àwọn mìíràn, bíi ti iléeṣẹ́ Bailey, ní róólà lókè àti nísàlẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ kan ni ẹ óò sì máa yí láti gbé èyí tó wà lókè sókè sódò. Èyí tí ó ní róólà méjì kì í sábà jẹ́ kí kánfáàsì hunjọ, òun ni èmi fẹ́ràn, bí owó bá wà.

Ibi tí a ti ń ṣìnà jù ni kí róólà má dọ́gba. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Mo ra tòkunbọ̀ kan tí oníṣòwò yí níṣojú mi. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́, ó ń dán, mo sì sanwó. Apá òsì rẹ̀ ń tẹ́ amọ̀ sí mìlímítà 6, apá ọ̀tún sí 8. Ojú kò rí i lára amọ̀ tútù, àmọ́ apá tó fẹ́lẹ́ ń yára gbẹ ju èkejì lọ, táìlì sì ń ká sókè bí ewé gbígbẹ. Èyí tí mo ṣe fún ilé ìdáná oníbàárà kan ní Gwarinpa kò jókòó mọ́ ògiri rárá, ni mo bá dá owó rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ gbé amọ̀ dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Ẹ na amọ̀ náà bí okùn tó nípọn, kí ó gba ìbú róólà já, ẹ tẹ́ ẹ dábùú, ẹ fi kánfáàsì bò ó, kí ẹ sì yí ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní òsì, ní àárín àti ní ọ̀tún, ẹ fi rúlà wọn ojú ibi tí ẹ gé. Bí etí kan bá nípọn ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé títún ìdè rẹ̀ dè ni yóò yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àárín bá nípọn ju etí méjèèjì lọ, irin róólà ni ó ń tẹ̀. Ẹ̀dínwó yòówù kí wọ́n ṣe fún yín, ẹ máa lọ sílé.

Ẹ yan èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ ti iná fólítì 110, tiwa sì jẹ́ 230, yàtọ̀ sí pé iná kì í dúró. Ẹ rí i pé ó ní gíà tí yóò gba ẹrù lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní láti fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn yín ni yóò san gbèsè náà. Ẹ wò ó bóyá béárìn àti ṣéènì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wẹ́dà Apo tàbí ti Panteka ní Kaduna lè pààrọ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ̀wé sókè òkun.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ni afẹ́fẹ́ ìhà ibí yìí ti ń gbẹ, tábìlì onípákó lásán á sì lọ́, róólà kò ní bá a dọ́gba mọ́. Tábìlì onírin ni ó yẹ yín, tàbí pláíwúùdù tó nípọn tí a kùn ní ọ̀dà lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ́ amọ̀ tán, ẹ fi náílọ̀n bò ó kíákíá, torí etí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbẹ. Kánfáàsì ni kí ẹ rà gbẹ̀yìn: èyí tí kò ní ojú rírán, tó gùn tó ìlọ́po méjì tábìlì, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, nítorí òun náà máa ń sún kì.