Ẹ yéé pe transcription factor ní súìṣì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ báọ́lọ́jì wa

Ẹ bi ọmọ tó ń ka báọ́lọ́jì ní Ìkòròdú níbí, ìbáà jẹ́ èyí tó ń lọ sí lesson ní Sabo tàbí èyí tó ti wọ yunifásítì, pé kí ni transcription factor (TF), ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé súìṣì ni, ó ń tan jíìnì, ó ń pa á. Mi ò ní irọ́ ni o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, torí súìṣì ilé yín, ẹni yòówù kó tẹ̀ ẹ́, ìgbà yòówù kó tẹ̀ ẹ́, gílóòbù kan náà ló máa tàn (tí iná bá wà). TF ò rí bẹ́ẹ̀. TF kan náà lè tan jíìnì kan níbì kan kó sì pa á níbòmíì, ó dá lórí sẹ́ẹ̀lì tó wà, àwọn purotéènì míì tó bá níbẹ̀, àsìkò tó débẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá gbàgbé mẹ́rin yìí, gbogbo ohun tó bá kọ lẹ́yìn ẹ̀ máa wọ́.

Kí n tètè yọ ti kékeré kúrò lọ́nà: TF kì í ṣe jíìnì, kì í sì í ṣe òun ló ń da DNA kọ sí RNA. Purotéènì ni, ó ní jíìnì tiẹ̀ tó bí i, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jókòó sórí DNA kó pe àwọn míì wá tàbí kó lé wọn, RNA polymerase ló ń ṣe àdàkọ. Nínú nǹkan bí 20,000 jíìnì tó ń bí purotéènì lára èèyàn, àwọn bí 1,600 ló jẹ́ ti TF. Ó tán.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí ọmọ rò pé títan nìkan niṣẹ́ wọn. Àìmọye nínú wọn ló jẹ́ pé pípa jíìnì lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó kan ilé wa gan-an. Ọmọ tó wà nínú oyún, haemoglobin tiẹ̀ (purotéènì tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀) yàtọ̀ sí tàgbà, jíìnì gamma ló ń bá a ṣe é. Tí wọ́n bá ti bí i, TF kan tó ń jẹ́ BCL11A á máa pa gamma mọ́lẹ̀, jíìnì beta á wá gba ipò ẹ̀, nígbà tọ́mọ bá fi máa tó bí oṣù mẹ́fà, tàgbà ló ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS fi máa ń dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, tí ìyá àgbà á máa sọ pé àwọn dókítà ń parọ́ mọ́ ọmọ òun, àfìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Beta ló ní àbùkù. Gamma ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn ní kó panu mọ́ ni.

Casgevy, ìtọ́jú àrùn SS tí ìlú Ọba fọwọ́ sí ní November 2023 tí Amẹ́ríkà náà sì tẹ̀lé e ní December, orí èyí ló dúró lé. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR, ohun èlò tí wọ́n fi ń gé DNA, gé DNA ẹ̀ níbì kan, wọ́n á dá a padà sí i lára, gamma á tún lahùn. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n gé o, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń pàdánù máàkì: wọn ò ba purotéènì BCL11A fúnra ẹ̀ jẹ́. Enhancer ẹ̀ ni, ìyẹn apá DNA táwọn TF míì ń jókòó lé kí BCL11A tó lè ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n bà jẹ́, torí BCL11A tún níṣẹ́ nínú ọpọlọ àti nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, tí wọ́n bá pa á níbi gbogbo, wàhálà míì nìyẹn. Owó ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ má tíì ṣẹ́ ẹ sí náírà.

Òmíì tún wà tó jẹ́ pé wọ́n á rí orúkọ ìdílé TF, wọ́n á sì kọ ìwà ẹ̀ sílẹ̀ láì wádìí. Ẹ wo ERF, ìdílé TF kan lára ohun ọ̀gbìn: "ERF ni, nítorí náà á jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn fara da wàhálà." Háà, báwo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Imota níbi tílé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó wà, tàbí tẹ́ ẹ loko létí omi lápá Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé ìrẹsì fẹ́ràn omi lẹ́sẹ̀, kò fẹ́ràn ẹ̀ lórí. Tí omi bá bo ìrẹsì lásán mọ́lẹ̀ pátápátá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ga kórí ẹ̀ lè yọ, á ná gbogbo súgà tó fi pamọ́, ìgbà tí omi bá sì fà tán kò ní agbára tó máa fi dìde mọ́. Ìrẹsì kan wá wà láti Odisha ní Íńdíà, FR13A ni wọ́n ń pè é, ó lè wà lábẹ́ omi bí ọ̀sẹ̀ méjì kó sì tún hu ewé tuntun. Ní 2006 ni wọ́n gbé àṣírí ẹ̀ jáde: TF kan ni, SUB1A, ìdílé ERF ló ti wá, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju kó dá ìdàgbà dúró lọ. Má ga, má ná súgà, jẹ́ kómi lọ ná. Wọ́n pa irú ìrẹsì méjì pọ̀ mọ́ra títí ó fi wọ Swarna, ìrẹsì táwọn àgbẹ̀ Íńdíà fẹ́ràn, kò sí GMO níbẹ̀, láti 2009 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i fún gbígbìn níbẹ̀.

Ní 2009 yẹn kan náà làwọn onímọ̀ ará Jàpáànù tún gbé TF méjì jáde, SNORKEL1 àti SNORKEL2, inú ìdílé ERF yìí kan náà ni wọ́n wà o, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n mú ìrẹsì inú omi jíjìn sáré ga tẹ̀lé omi kó má rì. Ìdílé kan náà, omi kan náà, ethylene, gáàsì tí ohun ọ̀gbìn fúnra ẹ̀ ń ṣe, tó ń pọ̀ sí i nínú èyí tómi bò, ló ń jí àwọn méjèèjì, èyí ní jókòó, èyí ní dìde. Ta ló wá tọ̀nà nínú wọn? Ẹ bi omi. Omi tó máa fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, SUB1A ló mọ ọ̀nà ẹ̀. Omi tó máa dúró fún oṣù mélòó kan, tẹ́ ẹ bá gbé SUB1A lọ síbẹ̀, orí ìsinmi yẹn náà ni ìrẹsì ọ̀hún máa kú sí. Torí náà ẹni tó bá kọ "TF yìí dáa fún omíyalé" láì sọ irú omi tó jẹ́, tí mo bá ń ṣe máàkì, mi ò ní fún un ní nǹkan kan.

Wọ́n tún máa ń rò pé ohun tó bá dáa, kó ṣáà pọ̀. TF kan tó ń jẹ́ DREB1A máa ń ran ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ nígbà ọ̀dá, iyọ̀ àti òtútù, wọ́n wá ní kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú Arabidopsis, ewéko kékeré táwọn onímọ̀ fi ń ṣèwádìí. Ó fara da ọ̀dá lóòótọ́, àmọ́ kò dàgbà, ó kúrú kúẹ́kúẹ́. Ní 1999 wọ́n wá fi promoter rd29A (promoter ni apá DNA tó ń pinnu ìgbà tí jíìnì máa ṣiṣẹ́) sí i nídìí, èyí tó jẹ́ pé ìgbà tíyà bá dé ló tó máa ń ta kìjí, ewéko náà sì dàgbà dáadáa, ó tún fara da ọ̀dá. Ta ló fẹ́ àgbàdo tí kò ní kú tí kò sì ní so? Kíkéré náà sì níṣòro tiẹ̀: gbogbo wa la ní PAX6, jíìnì TF tó ń darí bí ojú ṣe ń hù, méjì, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá, tí ọ̀kan ṣoṣo bá bàjẹ́, wọ́n lè bí ọmọ yẹn láìní iris lójú (apá tó ní àwọ̀ tó yí ọmọlójú ká), bẹ́ẹ̀ èkejì ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

PAX6 yìí náà ló máa ń mú kí wọ́n kọ pé "TF ló gbé àwòrán ojú dání". Ní 1995 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Walter Gehring, onímọ̀ báọ́lọ́jì ní Switzerland, gbé jíìnì yẹn láti ara eku sínú eṣinṣin, wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ níbi tí kò yẹ kí ojú wà, ojú sì hù níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú eṣinṣin ni o, kì í ṣe teku. Àṣẹ "ẹ ṣe ojú" ni TF gbé wá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ojú, ara eṣinṣin ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe project, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ máa ń fi PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA di púpọ̀ kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, wọn RNA TF, ẹ rí i pé kò lọ sókè, ẹ kọ ọ́ pé "kò kópa". Ṣé ẹ mọ HIF-1? TF tó ń dìde nígbà tí atẹ́gùn oxygen bá wọ́n ni, òun ló gba Nobel ọdún 2019 fún àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Semenza, Ratcliffe àti Kaelin. Ara ò dúró dìgbà tí oxygen bá wọ́n kó tó ṣe é. Ó ń ṣe é lójoojúmọ́, ó sì ń fọ́ ọ dànù lójoojúmọ́, bí oxygen bá ti wọ́n ni fífọ́ yẹn á dáwọ́ dúró, ó sì di púpọ̀ kíákíá, RNA ẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. HSF1 tó wà fún ooru náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ooru ló máa mú mẹ́ta-mẹ́ta wọn so pọ̀ kí wọ́n tó lè di DNA mú. Ẹja náà ní HIF o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ẹja odò àwọn ará Odogunyan ṣe project nígbà tí oxygen bá lọ sílẹ̀ ní ìdájí, purotéènì ni kẹ́ ẹ lọ wò, kì í ṣe RNA nìkan.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ò gbọdọ̀ sọ pé "mo rí ibùjókòó TF lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì mi, nítorí náà òun ló ń darí ẹ̀". Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lẹ́tà DNA mẹ́rin ló wà, ibùjókòó tó bá jẹ́ lẹ́tà 6, ní ṣíṣèèṣì lásán ẹ máa rí i lẹ́ẹ̀kan nínú lẹ́tà 4,096, DNA èèyàn sì tó bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ìyẹn ju 700,000 ibi lọ! Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló sì wé mọ́ histone, àwọn purotéènì tí DNA ń wé mọ́ bí òwú, TF tó pọ̀ jù ò ráyè débẹ̀. Jíìnì tó sún mọ́ ọn jù sì lè máà jẹ́ tiẹ̀: enhancer tó ń darí jíìnì SHH níbi tí ọwọ́ ti ń hù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí i tó mílíọ̀nù kan lẹ́tà, inú jíìnì míì, LMBR1, ló wà, tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí níbẹ̀, wọ́n lè bí ọmọ pẹ̀lú ìka àlékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. (Ẹ má wá lọ kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo olúgbódi ti wá. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ ọmọńdínrín ló máa ń wà, ìdí tiẹ̀ sì yàtọ̀.)

Tí ewéko bá sì la ọ̀dá já, ẹ má kọ pé "jíìnì ẹ̀ ti yí padà". DNA ẹ̀ wà bó ṣe wà, èyí tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀ ló yàtọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé á wà nínú project ọdún yìí náà: wọ́n á já ewé tí wọ́n bomi rin ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á já ti ọ̀dá ní aago méjì ọ̀sán lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tán, wọ́n á wá rí i pé ọgọ́rùn-ún jíìnì yàtọ̀, inú wọn á dùn. Ohun ọ̀gbìn mọ aago. CCA1, TF tó wà lára aago inú Arabidopsis, máa ń pọ̀ gan-an nígbà tílẹ̀ bá ń mọ́, tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́ ó ti wálẹ̀, ó sì ń fa jíìnì rẹpẹtẹ lọ sókè-sódò tẹ̀lé ara ẹ̀, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Oòrùn aago méjì tún wà níbẹ̀ tó ti jí àwọn ti ooru. Ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀dá nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ já méjèèjì láago kan náà, kẹ́ ẹ sì kọ aago ọ̀hún sínú ìwé yín.