Hit points kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o: bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tá a ti ń fi ẹnu àti dáìsì ṣe akọni inú ìtàn, ẹ jọ̀ọ́. Ní pálọ̀ tá a ti ń ta á l'Ókè-Fìà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbá ẹnì kan báyìí, ariwo ni, wọ́n á ní idà ti gún un láyà, àmọ́ ẹni tí idà gún láyà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tó ṣì ń sáré kiri, ṣé òkígbẹ́ ló lò ni?

Okun, ìfura, oríire, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ló wà nínú hit points, nọ́ńbà tó ń dín kù tí wọ́n bá gbá yín. 10 ni fighter, ìyẹn jagunjagun, fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fi Constitution modifier ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ara ẹ̀ ṣe le tó, kún un, ká ní 2 ni, ó di 12. Tí ọ̀tá bá gbá 5 kúrò, ẹ sọ pé ó yẹ idà yẹn, àmọ́ ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ku 7. Ẹ má jẹ́ kí irin wọlé gan-an àfi tó bá di 0. Ẹni tó ku 1 ṣì ń jà bí ẹni tó ní 12 ni o, èyí máa ń ya àwọn tuntun lẹ́nu gan-an.

Tó bá wá di 0, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ò tíì kú, ẹ dákú ni. Tó bá kàn yín, ẹ ju dáìsì olójú 20: 10 sókè dáa, ìsàlẹ̀ ẹ̀ burú. Dáadáa 3, ẹ bọ́. Burúkú 3, ó dìgbóṣe. 20 gan-an á jí yín pẹ̀lú 1.

Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o, báírò á ba pépà yẹn jẹ́.