Bí ẹ ṣe lè sọ ìrora yín fún dókítà ní Àbújá: "pain", "ache" àti "sore"

Màmá tó wá láti Ìlọrin kí ọmọ rẹ̀ ní Kubwa, tí ara rẹ̀ kò yá, lè bá dókítà Ígbò àti nọ́ọ̀sì Hausa pàdé lọ́jọ́ kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi gbọ́ ara wọn yé. Ibẹ̀ ni "ó ń ta mí", "ó ń ro mí" àti "ó ń gún mi" ti máa ń di "it is paining me" kan ṣoṣo, dókítà á kọ "pain" sílẹ̀, kò sì tíì mọ ohun tó ń ṣe é.

"Pain" fẹ̀ jù. Nǹkan bí ọdún 1300 ló wọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, àwọn náà sì rí i lára "poena" ti èdè Látìn, tó túmọ̀ sí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń sọ "on pain of death": ikú ni ìyà ẹni tó bá rú u. Ẹni tó ń sọ pé "ìyà ń jẹ mí" kúkú ti wà nítòsí ibẹ̀.

Ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "ache" ní tirẹ̀. "Acan" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ láyé àtijọ́. Samuel Johnson, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè lọ́dún 1755, rò pé láti inú "akhos" ti Gíríìkì ló ti wá. Ó ṣì í, àmọ́ bó ṣe kọ ọ́ ló dúró: a ń kọ "ch", a ń pe "k". Ìrora tí kò mú bí abẹ, tó kàn ń bá èèyàn gbé, ni "ache". "Ara ń ro mí" gan-an nìyẹn: "my body aches".

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ara ló máa ń lẹ̀ mọ́. "Headache", "toothache", "earache", "backache" àti "stomach ache" wà. Ẹsẹ̀ kò ní tirẹ̀, ẹ sọ pé "my leg hurts". Ti ọkàn ló léwu jù. "Heartache" kì í ṣe àìsàn, ìbànújẹ́ ni. "Heartburn" náà kò kan ọkàn: omi kíkan inú ikùn ló ń gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, tí àyà fi ń ta èèyàn lẹ́yìn oúnjẹ. Bí àyà bá ń dùn yín, "chest pain" ni kí ẹ sọ. Bó bá wá ń fún àyà pinpin, tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, ẹ má wá Gẹ̀ẹ́sì kankan mọ́, ẹ pe 112 tàbí kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

"Sore" ni ti egbò àti ibi tó bó. Tí ọyẹ́ ilẹ̀ Òkè Ọya bá gbẹ ọ̀fun yín, "sore throat" ni. (Ìdílé kan náà ni òun àti "sorry", tí a fi ń pẹ̀tù síni.)

Ẹ má tú Yorùbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Orí ń fọ́ mi" kì í ṣe "my head is breaking". Ó ń gún mi: "stabbing". Ó ń ta mí: "burning". "Peppering" yé dókítà Nàìjíríà, àmọ́ kò ní kọ ọ́ sínú fáìlì. Ó ń lù kì-kì: "throbbing". Inú ń lọ́ mi: "cramps". Ẹsẹ̀ mi kú: "numb", kì í ṣe "dead".

Ọ̀rọ̀ "inú" máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ó gba ikùn, ilé ọmọ àti ọkàn pọ̀. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ibi tó ń dùn yín, ẹ má fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bo ikùn. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le àti èyí tó ń dẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fún un ní nọ́ńbà, 0 ni kò dùn rárá, 10 ni èyí tó le jù tí ẹ lè rò. Ẹni tó ń pe gbogbo ẹ̀ ní 10 kò ní lè sọ fún wọn lọ́la pé ó ti le sí i. Èyí tó sì burú jù ni ìwà ọmọlúàbí wa: dókítà ní "how are you?", àgbà dáhùn pé "we thank God". Kò sí àìsàn nínú ìyẹn. Irú èyí ló dáa: "Burning pain, here, since Tuesday night. Six out of ten. Worse when I lie down."

Hausa rọrùn díẹ̀. "Ciwon kai" ni ẹ̀fọ́rí, "ciwon ciki" ni inú rírun, "ciwon baya" ni ẹ̀yìn dídùn. Àmọ́ "ciwo" tún ń jẹ́ àìsàn, "zafi" sì jẹ́ ooru àti ìrora pọ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá ti dárúkọ "zafi", ẹ bi í bóyá ara gbígbóná ló ń béèrè ni tàbí ibi tó ń dùn yín, kí ẹ tó dá a lóhùn.