Bí A Ṣe Ń Múra Ọ̀dọ́kùnrin àti Ọ̀dọ́bìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ Sílẹ̀ fún Ìdíje Júdò Àgbáyé

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ òun láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé orí tátámì (ẹní tí wọ́n ń jà lé) ìdíje àgbáyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé òfin ló ń ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ eléré kí alátakò tó fọwọ́ kàn wọ́n. Jigoro Kano ló dá júdò, ìjà tí a fi ń di aṣọ alátakò mú kí a lè gbé e ṣubú, sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1882. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jà á ní Òlíḿpíìkì ní 1964, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1992, ní Barcelona, kí tàwọn obìnrin tó wọ inú ètò náà ní kíkún. Lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìjà kọ̀ọ̀kan, ti ọkùnrin ti obìnrin, òfin kan náà ló sì de gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọdún 2021, Uta Abe ti ilẹ̀ Japan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Hifumi, gba góòlù Òlíḿpíìkì lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí ó má ṣe fi àwọn ọmọbìnrin sí wákàtí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tàwọn ọkùnrin. Wákàtí kan náà ni kí ó fún wọn, àti ìtọ́jú kan náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ṣíṣubú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ bí a ti ń fi àgbọ̀n kan àyà, tí a sì ń fi apá lu ilẹ̀ kí ẹ̀yìn tó balẹ̀, títí ara rẹ̀ yóò fi máa ṣe é láìronú. Bí tátámì gidi kò bá sí, ẹ má lo fóòmù ibùsùn, nítorí pé ẹsẹ̀ a máa rì sínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọrùn ẹsẹ̀ ti ń rọ́. Fóòmù líle ni kí ẹ wá, kí ẹ tò ó pọ̀ láìsí àlàfo, kí ẹ sì na tapólì bò ó dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti ja ìjàkadì láti kékeré, ànfààní ńlá sì ni, nítorí pé ìjàkadì a máa kọ́ni ní ìdúró, a sì máa lé ojo lọ. Síbẹ̀, àṣà méjì wà nínú rẹ̀ tó lè kó bá ọmọ lórí tátámì. Èkíní ni fífi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ alátakò mú. Láti ọdún 2013 ni Àjọ Júdò Àgbáyé ti fòfin de é fún ẹni tó ń jà lórí ìdúró, ìjìyà ló sì ń fà. Èkejì ni kí ẹni tí wọ́n ń gbé ṣubú fi orí àti gìgísẹ̀ gúnlẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kanlẹ̀. Nínú ìjàkadì tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ kò tíì ṣubú. Nínú júdò, wọn yóò kà á sí ippon (àmì tó ń parí ìjà) fún alátakò, ó sì lè ba ọrùn jẹ́ títí ayé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa fi ọwọ́ kan sí kọ́là, ọwọ́ kejì sí apá aṣọ. Nígbàkígbà tí ọwọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, kí olùkọ́ pe matte (“dúró”), kí ìjà dúró, kí wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀. Àṣà tó ti mọ́ ara kì í tètè kúrò, ó gba sùúrù.

Ippon ló ń parí ìjà lójú ẹsẹ̀: kí a ju alátakò gbalaja sórí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbára àti ìyára, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, tàbí kí a fún un lọ́rùn tàbí kí a ká a ní ìgúnpá títí yóò fi fọwọ́ lu ilẹ̀ pé òun ti gbà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fún waza-ari, àmì tó tẹ̀ lé ippon, méjì irú rẹ̀ sì di ippon. Yuko, àmì tó kéré jù, tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀, padà ní ọdún 2025. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 5 ló gbà. Ẹni tó bá gba shido (ìjìyà kékeré) mẹ́ta ti pàdánù, bẹ́ẹ̀ sì ni sísá fún ìjà wà lára ohun tó ń fa shido. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá pé tí wọ́n wà ní ọgbọọgba, ìjà yóò máa bá a lọ láìní gbèdéke títí ẹnì kan yóò fi borí, nítorí náà ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin péré dánra wò nílé kò tíì múra.

Ìwọ̀n ara ni mo fẹ́ kí àwọn òbí fetí sí jù. Fún ọkùnrin, ìpele ìwọ̀n ni 60, 66, 73, 81, 90, 100 àti èyí tó ju 100 kìlò lọ. Fún obìnrin, 48, 52, 57, 63, 70, 78 àti èyí tó ju 78 lọ. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n ń wọn eléré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà, wọ́n lè ṣẹ́ àwọn kan yọ láti tún wọ̀n, ara wọn kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ kọjá ìpele wọn. Bí àpẹẹrẹ, ẹni 60 kìlò kò gbọdọ̀ ju 63 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú: ẹ dín àmàlà alẹ́ kù, ẹ fi ẹja àti ẹ̀wà kún oúnjẹ, ẹ sì ṣọ́ àsìkò máńgòrò, tó máa ń pọ̀ ní ìlú wa, nítorí pé ọmọ a máa jẹ ẹ́ láìkà á sí oúnjẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ súwẹ́tà sáré nínú oòrùn tàbí kí ó fi omi du ara rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ìyẹn ti pa eléré rí ní àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Nípa oògùn, ẹ gba àgbo kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Kì í ṣe pé àgbo burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò, ẹni tí wọ́n bá sì bá ohun èèwọ̀ lára rẹ̀ ni yóò jìyà, ì báà mọ̀ ọ́n mu tàbí kó má mọ̀. Oògùn ọ̀fìnkìn mìíràn pàápàá ní èròjà pseudoephedrine, tó lè kóni sí wàhálà lọ́jọ́ ìdíje. Kí dókítà mọ̀ pé eléré ni kó tó kọ oògùn fún un.

Aṣọ júdò funfun kan àti aṣọ àwọ̀ búlúù kan ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ ló ń wọ funfun. Èyí tí télọ̀ àdúgbò rán dára fún ìdánrawò, ṣùgbọ́n ní ìdíje àgbáyé, aṣọ tí Àjọ Júdò Àgbáyé fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lú orúkọ eléré àti NGR (àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà) lẹ́yìn rẹ̀. Apá aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Obìnrin ń wọ ẹ̀wù péńpé funfun sábẹ́, ọkùnrin kò wọ nǹkan kan. Kí wọ́n gé èékánná, kí wọ́n di irun gígùn, kí wọ́n sì bọ́ òrùka àti yẹtí.

Ẹnikẹ́ni kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àjọ júdò orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é, nítorí náà kí ọmọ náà máa kópa nínú ìdíje abẹ́lé kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì tètè gba ìwé ìrìnnà, kí orúkọ tó wà nínú rẹ̀ bá ti ìwé ìbí mu.

Lọ́jọ́ ìjà, ẹni tó bá pàdánù ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ kò tíì jáde, nítorí pé ó ṣì lè jà dé ipò idẹ, idẹ méjì sì ni wọ́n ń fúnni. Nígbà náà, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ aṣọ tàbí kí ara rẹ̀ tutù. Kí ó fún un lómi, kí ó mú un rìn, kí ó sì sọ ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó tún ṣe fún un, títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀ padà.