Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Títo Orúkọ Àwọn Olórí Ìjọba Kútọnu

Àwa ará Àgbádárìgì gbà pé a mọ Kútọnu, bí a ṣe ń pe orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tinú tẹ̀yìn. Òkú ẹbí ń gbé wa kọjá Sẹ̀mẹ̀, ìgbéyàwó ń gbé wa kọjá, àwọn Ẹ̀gùn ọ̀dọ̀ wa sì ní ìbátan rẹpẹtẹ ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹnì kan nínú wa to àwọn tó ti ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kíá ni ọ̀rọ̀ máa dojú rú. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ṣètò ìdíje fáwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù ni pé kí ẹ máa rò pé ẹnì kan náà ni Ààrẹ àti olórí ìjọba nígbà gbogbo. Níbí náà ńkọ́? Azikiwe ni Ààrẹ, Balewa ló ń darí ìjọba. Ní oṣù Kìíní 1964, Sourou-Migan Apithy di Ààrẹ, Justin Ahomadégbé di igbákejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ igbákejì yìí ni ìdarí ìjọba wà. Wọ́n bá ara wọn fà á títí di oṣù Kọkànlá 1965, tí Ọ̀gágun Christophe Soglo fi ní kí àwọn méjèèjì fipò sílẹ̀. Ní ìparí 1967, Alphonse Alley di olórí orílẹ̀-èdè, Maurice Kouandété sì ni olórí ìjọba. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1990: lẹ́yìn ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Kútọnu, Mathieu Kérékou ṣì ni Ààrẹ, Nicéphore Soglo sì di olóòtú ìjọba (prime minister). Nígbà tó di 1991, Soglo fi ìbò lé Kérékou kúrò. Nítorí náà, ìbéèrè tí kò bá sọ bóyá Ààrẹ tàbí olórí ìjọba ló ń béèrè, ẹ má fi síwájú ọmọ kankan.

Èyí tó tún máa ń mú wọn ni ti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ìbò 1970 dàrú, wọ́n fagi lé e, ni Maga, Ahomadégbé àti Apithy bá fẹnu kò pé àwọn á máa jẹ ipò Ààrẹ ní ọdún méjì-méjì. Hubert Maga ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1970. Ahomadégbé gbà á ní oṣù Karùn-ún 1972. Àwọn tó bá fi ìṣirò ṣe é á wá kọ Apithy sí 1974. Rárá o! Ní 26 oṣù Kẹwàá 1972, Kérékou kó àwọn ológun wá, ó gbàjọba, ipò ò kàn Apithy mọ́. Ẹ má torí ìyẹn yọ ọ́ kúrò ní 1964 sí 1965 ṣá.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. Soglo méjì ló wà: Christophe jẹ́ ológun, Nicéphore ò wọṣọ ológun. Zinsou náà jẹ́ méjì: Émile Derlin ṣe Ààrẹ láti 1968 sí 1969, Lionel tó jẹ́ ọmọ ẹbí rẹ̀ ṣe olóòtú ìjọba láti 2015 sí 2016. Kérékou ní tiẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ jáde: 1972 sí 1991, àti 1996 sí 2006. Ẹni tó bá so ó pọ̀ di ọ̀kan ti gba ọdún márùn-ún mọ́ Nicéphore Soglo lọ́wọ́.

Ẹ má pe Maga ní Ààrẹ Bẹ̀nẹ̀. Dàhómì ni orúkọ ilẹ̀ náà títí di oṣù Kọkànlá 1975. 1 oṣù Kẹjọ 1960 ni wọ́n gba òmìnira, kì í ṣe oṣù Kẹwàá tiwa.

Paríparí rẹ̀, ẹ má fi tipátipá wá orúkọ dí àyè olóòtú ìjọba. Ìwé òfin 1990 fi Ààrẹ ṣe olórí ìjọba; bó bá wù ú ló lè yan olóòtú. Adrien Houngbédji ṣe é lábẹ́ Kérékou láti 1996, ó fi í sílẹ̀ ní 1998, kò sì sẹ́lòmíràn níbẹ̀ títí Ààrẹ Yayi Boni fi yan Pascal Koupaki ní 2011. Lionel Zinsou tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dupò Ààrẹ ní 2016, Patrice Talon fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìbò, kò sì yan olóòtú kankan nígbà tó wọlé. Ìlà ni kí ẹ fà sí àyè yẹn.