Bẹ́ ẹ ṣe lè fi logic model ṣètò iṣẹ́ ìrànwọ́ yín

Logic model ni àwòrán tó ń fi hàn bí owó àtòṣìṣẹ́ ṣe ń di iṣẹ́, bí iṣẹ́ ṣe ń mú nǹkan jáde, títí dórí àyípadà tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí owó o, òpin ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: kí lẹ fẹ́ kó yí padà láyé àwọn èèyàn? Ẹ kọ ìyẹn sápá ọ̀tún pépà, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ lápá òsì, ohun tí iṣẹ́ máa mú jáde, iṣẹ́ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ tó kan owó àtòṣìṣẹ́. Ibi tó ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú rèé: téèyàn 40 bá wá sí kíláàsì ìwé kíkà, iye orí lásán nìyẹn, àyípadà ni pé wọ́n ti wá ń dá kàwé. Ẹ dán wọn wò kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ o, torí tẹ́ ò bá mọ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí lẹ máa fi wé e tó bá parí?