Tí ọmọ yín bá ní cystic fibrosis (CF), ẹ má gbà kí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ CF mìíràn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, ojú tì mí láti sọ ọ́. Wọ́n gba ọmọkùnrin mi wọlé ní òsìbítù kan ní mainland níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n gbìyànjú. Ikọ́ ti dá a dúbúlẹ̀, a ń dúró de dírípù, ni nọ́ọ̀sì kan bá sáré wá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní "Mọ́mì, ẹ wá gbọ́, ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù inú lọ́hùn-ún tó ní àìsàn yìí gan-an, mo ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọn súnmọ́ra kí wọ́n lè jọ máa ṣeré." Ẹ wo inú mi o. Ọdún mẹ́ta gbáko, mi ò tíì rí ẹlòmíì l'Ékòó tó mọ ohun tó ń jẹ́ CF, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ní i nílẹ̀ yìí, asthma tàbí TB ni wọ́n ń pè é fún wọn. Ó ṣe mí bíi kí n sáré lọ dì mọ́ ìyá ọmọ yẹn. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé rárá mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn súnmọ́ra. Nọ́ọ̀sì wò mí bíi pé mo ti ń ṣe orí burúkú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀ kí ẹ lè rí nǹkan sọ lọ́jọ́ tó bá kàn yín. CF fúnra ẹ̀ kì í ràn. Àbímọ́ ni, bíi ti sickle cell tí gbogbo wa mọ̀, bàbá gbé ìdajì wá, ìyá gbé ìdajì wá, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn títí ọmọ fi dé. Jíìnì tó ń fà á ni wọ́n ń pè ní CFTR, ọdún 1989 ni wọ́n rí i. Ohun tó ń ṣe lára ọmọ ni pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró á ki bíi sítáàṣì, kò ní fẹ́ jáde, kòkòrò tó bá wá bọ́ sínú ẹ̀ ti rí ilé gbé nìyẹn, kò san rẹ́ǹtì, kò sì ní kó jáde. Èmi àti ẹ̀yin lè fa kòkòrò kan náà símú kí ara wa lé e dànù láìmọ̀. Ọmọ CF ò lè lé e bẹ́ẹ̀. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn: ẹni tó lè kó kòkòrò tó burú jù ran ọmọ CF ni ọmọ CF mìíràn, torí inú ẹ̀dọ̀fóró bíi tiẹ̀ ni kòkòrò yẹn ti ń gbé, ó ti mọ ilé náà dáadáa, ó sì ti jẹ àǹtíbáyọ́tíìkì títí tí àwọn kan nínú ẹ̀ ò ràn án mọ́.

Orúkọ mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀, torí ẹ máa gbọ́ wọn lẹ́nu dókítà. Pseudomonas lèyí tó wọ́pọ̀ jù, inú omi ló fẹ́ràn, ihò síǹkì, ibi tó bá ti rin. Ìkejì ni Burkholderia cepacia. Ẹ gbọ́ ìyanu, inú àlùbọ́sà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Burkholder ló kọ ọ́ ní 1950 pé òun ló ń mú àlùbọ́sà jẹrà ní New York, inú orúkọ àlùbọ́sà gan-an ni wọ́n ti fa cepacia yọ. (Mi ò ní kí ẹ má fi àlùbọ́sà se ọbẹ̀ o, ṣùgbọ́n èyí tó ti rà nínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ rà ní Mile 12, ẹ máà dúró gé ibi tó dáa lára ẹ̀, ẹ gbé e jùnù.) Nínú ẹ̀dọ̀fóró CF, ó máa ń wà jẹ́ẹ́ lára àwọn kan, àmọ́ lára àwọn mìíràn ó lè dédé ru, kó wọnú ẹ̀jẹ̀, kó sì pa ẹni náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìkẹta ni Mycobacterium abscessus, ìbátan TB ni, ìtọ́jú ẹ̀ máa ń ju ọdún kan lọ.

Kì í ṣe àbá lásán pé wọ́n ń kó o ran ara wọn. Nígbà kan ní Amẹ́ríkà àti Canada, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ CF lọ sí kámpù lásìkò ọlidé, kí wọ́n lè rí ẹni bíi tiwọn. Nǹkan tó dáa ni, àbí? Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé cepacia ń ti ara ọmọ kan bọ́ sára ìkejì níbẹ̀, ni wọ́n bá pa kámpù tì ní àwọn ọdún 1990. Ní Liverpool, ní 1996, wọ́n kọ ọ́ jáde pé àwọn ọmọ tó ń lọ kíláíníìkì CF kan náà ti ní ẹ̀yà Pseudomonas kan náà tí àǹtíbáyọ́tíìkì pàtàkì ò ràn. Ní 2013 ni àwọn ti òsìbítù Papworth ní England náà sọ̀rọ̀ nípa abscessus, wọ́n ka jíìnì ẹ̀ láti orí aláìsàn kan dé orí èkejì, wọ́n sì rí i pé ó ti ń ràn láàárín wọn.

Ó dáa. Kí lẹ máa ṣe.

Ẹ ti máa sọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín ní bẹ́ẹ̀dì. Tí wọ́n bá ti tẹ́ ọmọ tán, tí ẹ ti gbé kúlà àti báàgì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa fẹ́ tún gbogbo ẹ̀ tú. Métírọ̀n ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ sì bẹ dókítà kó kọ ọ́ sínú fáìlì, torí l'Ékòó ohun tó wà nínú fáìlì ló ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ti ẹnu yín láàárọ̀ á ti wọ mọ́tò lọ sílé kílẹ̀ tó ṣú. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, cystic fibrosis ló ń ṣe ọmọ mi, àìsàn ẹ̀ kì í ràn, àmọ́ tí ọmọ CF mìíràn bá wà níbí, àwọn méjèèjì lè kó kòkòrò ran ara wọn, ẹ bá mi fi wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀." Tóò. Ẹ má fi "ní ìlú òyìnbó" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní kí n gbé ọmọ mi lọ sí ìlú òyìnbó. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní ìlànà Cystic Fibrosis Foundation ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2013: yàrá ọ̀tọ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 ó kéré tán láàárín ẹni CF kan sí èkejì níbikíbi, ìbòmú fún aláìsàn tó bá ti jáde ní yàrá ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ sì wọ gáùn àti ìbọ̀wọ́ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fóònù yín ni kí ẹ fi ṣí i hàn wọ́n.

Wọ́n máa bi yín pé ṣé kì í ṣe kòkòrò kan náà làwọn méjèèjì ní, kí ló wá kù. Ẹ̀yà kòkòrò pọ̀, Pseudomonas ti ọmọ mi lè jẹ́ èyí tí oògùn ń ràn, kí ti ọmọ yẹn jẹ́ èyí tó ti gbó sínú oògùn. Èsì láàbù tí wọ́n mú wá lónìí náà, ó ṣeé ṣe kó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe é. Ìlànà yẹn ò sì wo èsì láàbù rárá, gbogbo ẹni CF ló kàn.

Yàrá ọ̀tọ̀ wá ńkọ́ nígbà tí kò sí? Ìyẹn lọ̀rọ̀ wa gan-an, torí ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ọmọdé níbí, yàrá gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni, bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀dì lósì, àwọn ìyá lórí ẹní nísàlẹ̀. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá wọ́ọ̀dù mìíràn lè gba ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, kódà kó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun kan, kí èkejì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 6 yẹn tàn yín nínú yàrá kan náà o, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà ti wọ̀n ọ́n pé tí ẹni CF bá wúkọ́, Pseudomonas tó bá a jáde lè rìn tó mítà 4, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn dánfó kan, ó sì lè wà láàyè nínú afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 45. Ẹ ṣí wíńdò. Ẹ wo ibi tí fáànù kọjú sí, kó máà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ kejì ló ti ń fẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ tiyín. Kí àwọn ọmọ méjèèjì wọ ìbòmú tó bá ti di pé wọ́n á kọjá lára ara wọn, ó ń dín ohun tó ń jáde kù gan-an. Kí ẹ sì máa bi dókítà lójoojúmọ́ bóyá oògùn ti ṣeé yí padà sí èyí tí ọmọ lè máa lò nílé, torí ilé yín ni yàrá ọ̀tọ̀ tó dájú jù.

Tí wọ́n bá wá rí yàrá kan fún yín lójijì, ẹ bèèrè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́. Yàrá àdágbé ní òsìbítù, ẹni tó ní TB ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n nù ún, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ná.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mi ò ní fi gùn: tí ẹ bá jọ ń lò ó, kí ọmọ kejì kọ́kọ́ wẹ̀ tàbí kí tiyín kọ́kọ́ wẹ̀, kí wákàtí kan wà láàárín, kí ẹ má gbé búrọ́ọ̀ṣì, kọ́ọ̀bù tàbí nẹ́búláísà (ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń fa oògùn símú) sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì.

Nẹ́búláísà ni kí n dúró lé lórí. Èyí tí wọ́ọ̀dù ní, tó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ẹ dákun ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu ọmọ yín, ẹ gbé tiyín wá láti ilé, ó pẹ́ tán ẹ mú kọ́ọ̀bù àti ìbòmú ẹ̀ wá, méjì méjì. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 5 tí ìwé tó bá a wá bá gbà á láyè, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀ lórí nǹkan tó mọ́, ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì wọ́ọ̀dù nù ún. Kíní tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ti sè é tán, a tún ń fi omi bọ̀hóò ṣàn án, ẹ ti da kòkòrò padà síbẹ̀ nìyẹn. Ọtí fínígà tí àwọn kan ń fi rẹ ẹ́, kò tó. Èmi, ilé ni mo ti ń sè é, àbúrò mi á gbé èyí tó mọ́ wá láàárọ̀ láti Ṣùúrùlérè nínú ike tó dé, á gbé ti àná lọ. Tí físíò bá fẹ́ bá ọmọ gbọ́n àyà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, torí àsìkò yẹn ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń fò jáde jù. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú tíṣù ni o, tíṣù inú ọ̀rá, kí ẹ di ọ̀rá. Èyí tí dókítà fi ń gbọ́ àyà náà, ẹ rọra na ọtí sípíríìtì sí wọn, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi nù ún." Ọ̀pọ̀ wọn kì í bínú.

Ohun kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún ni àwọn aráwọ́ọ̀dù. Wọ́n á rí ìbòmú, wọ́n á rí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ní kí wọ́n gbé jìnnà, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn, ẹnìkan á ní TB ni, ẹlòmíì á ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tètè ṣàlàyé fún ìyá tó súnmọ́ yín jù, á bá yín gbé e dé ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù kí ẹ tó mu omi tán. Àwọn tó ń bẹ̀ yín wò náà, ẹni tó bá ní kàtá, kó wo ọmọ láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní kí wọ́n na ọwọ́ láti ẹnu ọ̀nà, àdúrà ò lo wáyà.

Ọjọ́ kíláíníìkì, ẹ bẹ ẹni tó ń kọ orúkọ kó fi ọjọ́ tàbí wákàtí yín sọ́tọ̀ sí ti ọmọ kejì. Ẹ má jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ dúró sábẹ́ igi frúùtù níta, kí wọ́n fóònù yín tó bá kàn yín. Omi àti ORS lọ́wọ́ o, iyọ̀ ń bá òógùn ọmọ CF jáde ju tiwa lọ, oòrùn Èkó ò sì mọ̀ pé ara ò yá.

Àwọn tó bí ọmọ CF méjì sínú ilé kan náà, ẹ má torí èyí ya wọ́n sílé ọ̀tọ̀, ilé kan náà ni wọ́n ti ń mí tẹ́lẹ̀. Kí oníkálukú ṣáà ní nẹ́búláísà àti búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀.

Ìyá ọmọ yẹn tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ bínú sí mi, ó rò pé mo ń sá fún ọmọ òun. Mo dúró lókè kọ́rídọ̀ lọ́hùn-ún, mo ń fi ariwo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, gbogbo wọ́ọ̀dù ń gbọ́ wa. Ọmọ tiẹ̀ ló ní kí a fún òun ní nọ́ḿbà WhatsApp ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò ní fóònù. Bó ṣe di pé wọ́n ń fi fóònù tèmi àti ti ìyá ọmọ yẹn pe ara wọn lórí fídíò láti ìpẹ̀kun méjèèjì nìyẹn, wọ́n ń fi oògùn wọn han ara wọn, wọ́n ń díje ta ló máa kọ́kọ́ gbé kápúsù mì. Dátà mi tán lọ́jọ́ kejì.